Ìparí Tí Ọkọ Mi Rán Mọ́ Ìwé

Ọkọ mi ti ń di ìwé kí n tó mọ̀ ọ́n, kò sì tíì ka ọ̀kan tán nínú gbogbo èyí tó dì. Bí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní dókítà tó bá dúró gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé aláìsàn kò ní ráyè rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìwé tó ti já, tí ewé rẹ̀ ń yọ bí eyín arúgbó, ni iṣẹ́ tirẹ̀. Á tú u palẹ̀, á tò ó ní ìdì-ìdì, á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, èmi á sì gé aṣọ tí a máa fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ìkàwé ìlú ló ń gbé iṣẹ́ fún wa jù, pàápàá láti yàrá àwọn ọ̀dọ́, nítorí àwọn ọmọ náà kì í ka ìwé jẹ́jẹ́.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin wá ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà tí iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ojú ńláńlá, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ní kó tún kíláàsì kan kà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi kọrin sí i létí títí kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí a fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀, á mú èyí tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, á sì máa kà á kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbẹ. Mo pariwo títí ó fi sú mi. Ó níye ìwé tí a kó padà fún ilé ìkàwé tí àmì ìka rẹ̀ wà lára wọn.

Irú ìwé kan ló fẹ́ràn jù: ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọkọ̀ tó ń lọ sáàárín ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń ronú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fẹ́ gba gbogbo ayé là kó tó ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Èmi kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Mo ní, “Ṣé wàhálà tó wà nílẹ̀ yìí ti tán ni, tí wọ́n fi ń lọ wá òmíràn lójú ọ̀run?”

Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Àǹtí, ẹ kà á wò.”

Ìwé pẹlẹbẹ kan ló fi lé mi lọ́wọ́. Ó sọ nípa ìlú kan tí ẹ̀rọ ń bá gbogbo aráàlú rántí ohun gbogbo, tí ọmọbìnrin kan wá ń bẹ ẹ̀rọ náà pé kó jọ̀ọ́, kó gbàgbé ohun kan ṣoṣo. Mo ní kí n ka ojú ewé àkọ́kọ́ kí n lè rí nǹkan bú. Ìgbà tí ọkọ mi máa fi pè mí, búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù ti gan mọ́ mi lọ́wọ́. Inú bí mi pé ìwé náà dára. Mo bi ọmọ náà pé kí ló mú un mọ̀ pé èyí ni màá kà.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹ kì í gbàgbé ohun tí èèyàn bá ṣe yín.”

Kò fi bú mi. Ó kàn sọ ohun tó rí ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ, ohun tí mo sì rí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ níbikíbi. Ọmọ yìí a máa wo èèyàn kó tó wo ìwé. Ọmọkùnrin kan tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní òun kórìíra ìwé. Ọmọ àbúrò mi kò bá a jiyàn. Ó bi í léèrè ohun tó máa ń tú palẹ̀ nílé tí wọ́n fi ń bá a wí. Ọmọ náà ní rédíò ni, àti fáànù. Ó bá fún un ní ìwé ọmọ kan tó fi àjákù irin ṣe róbọ́ọ̀tì, tí róbọ́ọ̀tì náà wá ní òun kò ní gbọ́ràn mọ́ àfi bí wọ́n bá sọ ìdí fún òun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọkùnrin náà ti padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ṣé apá kejì wà.

Ọmọbìnrin kan tún wà tí àwọn òbí rẹ̀ ń kó kiri láti ìlú dé ìlú. Ìyẹn ló fún ní ìtàn àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú òṣùpá, tí ẹsẹ̀ wọn kò lágbára láti dúró lórí ilẹ̀ ayé tí wọ́n ní ó jẹ́ ilé wọn. Mo rí ọmọ náà tó ń kà á ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ń fi apá aṣọ nu imú. Bí ìwé kan kò bá sì dára, ọmọ àbúrò mi kò ní pọ́n ọn lé nítorí ẹnikẹ́ni. Á ní, “Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Nígbà tó yá, ó sú ẹni tó kọ ọ́.” Gbólóhùn tó fi ń ti èyí tó bá dára síni lọ́wọ́ kò yí padà, òun náà ni wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ: Kàáwò. Ọmọ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń wá kiri.

Àǹtí tó ń bójú tó yàrá àwọn ọ̀dọ́ nílé ìkàwé kò fọ́jú sí i. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ra ìwé ìtàn kan ní ẹ̀dà púpọ̀ kí gbogbo ọmọ tó ń wá lọ́jọ́ Sátidé lè jọ kà á. Àwọn àgbà ló máa ń yàn án, àwọn ọmọ ló sì máa ń sùn lé e. Lọ́dún yìí, Àǹtí náà ní kí Kàáwò yàn án, pé bó bá lọ dáadáa, òun ni yóò máa yan ìwé fún yàrá náà lọ.

Inú mi dùn, àyà mi sì já. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí ní láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé bó bá ní ìwé kan dára, ó dára. Kò mọ eré sá, ìṣirò ń dà á láàmú, kò sì lẹ́nu láti jà. Bí wọn kò bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́ nípa ìwé, orí àpótí ẹ̀gbẹ́ irin yẹn ló ń padà sí, kò sì ní dìde níbẹ̀ mọ́.

Ìwé tó yàn, Ọkọ̀ Ọgọ́rùn-ún Ọdún lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà nílé ìkàwé, ó sì ti já pátápátá kí ọkọ mi tó tún un dì. Àwọn ọmọ kan ni ìtàn náà dá lé, tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé. Àwọn àgbà sọ fún wọn pé àárín ìràwọ̀ ni wọ́n wà, pé wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ titun. Ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà wá rí ilẹ̀kùn kan ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọn kì í ṣí. Ó fọwọ́ kan ìkọ́ rẹ̀. Bí a bá ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, omi ni, omi òkun, ọmọbìnrin náà ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sókè, ó yọ orí, ó sì rí oòrùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Kàáwò fi ìwé náà lé àyà, ó ń rìn kiri nínú ṣọ́ọ̀bù. “Àǹtí, wọn kò kúrò ní ayé rárá! Abẹ́ òkun ni ọkọ̀ náà wà látìgbà yìí! Irọ́ ni gbogbo ìràwọ̀ yẹn!”

Èmi náà kà á. Mo ní kí ló dé tí ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà fi ń jẹ́ orúkọ mìíràn ní ìparí. Kàáwò ní ó pa orúkọ dà ni, nítorí pé ayé titun ni wọ́n bọ́ sí. Mo ní àbúrò wo wá ni wọ́n ń sọ, nígbà tí ọmọ náà kò ní àbúrò tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti kà á jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n sì fẹnu kò pé àbúrò náà ni ìkókó tí àwọn àgbà gbé pamọ́ ní orí kẹta. Ohun gbogbo ló ní ìdáhùn. Mo jókòó, mò ń gé aṣọ, mò ń gbọ́ wọn, orí mi ń wú. Ìgbà tí èmi wà ní ọjọ́ orí wọn, mi ò lè fi òye so nǹkan méjì pọ̀ báyẹn.

Nígbà tí Kàáwò dúró níwájú àwọn ọmọ yòókù lọ́jọ́ Sátidé, kò sọ ìparí náà. Ó ní bí wọ́n bá ka orí tó kẹ́yìn, wọ́n á káwọ́ lérí, wọ́n á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ra ìwé náà lọ́pọ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ ti tún gbó lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé, Àǹtí ilé ìkàwé bá fi í ránṣẹ́ sí wa pé kí a tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ náà sáré wọlé, tó da àpò sílẹ̀, tó ń wá ẹ̀dà àtijọ́ yẹn láàárín iṣẹ́ ọkọ mi. Ẹkún ti gba ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ ti ka ẹ̀dà titun dé òpin; nígbà tí Kàáwò wá ń bá wọn sọ̀rọ̀ ìparí náà, kò sí òkun nínú tiwọn, kò sí oòrùn. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí pé kì í gbà pé ilẹ̀ ti ṣú àfi bí wọ́n bá mú ẹ̀rí wá. Ìyẹn dìde, ó ní ẹni tó ka ìwé yìí kò lè sọ ohun tí Kàáwò sọ, pé kò kà á ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin yẹn búra pé àwọn rí òkun. Àwọn yòókù ní ẹgbẹ́ òpùrọ́ ni gbogbo wọn.

Ọkọ mi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ṣí i, kì í ṣe láti kà á. Ìsàlẹ̀ ojú ewé ló ń wò. Ilé ìtẹ̀wé a máa tẹ àmì kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń rán an má bàa ṣì í tò. Ó wo ìdì kan, ó wo ìkejì, ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ó bọ́ gíláàsì náà, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “àmì ìwé mìíràn nìyí.”

Nígbà tó kọ́kọ́ tún un dì, ìwé ìtàn méjì láti ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tú sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n kan, bébà kan, nọ́ńbà ojú ewé wọn sì bára mu. Ó gbé ìdì tó kẹ́yìn nínú Ìlú Abẹ́ Òkun, ó rán an mọ́ Ọkọ̀ Ọgọ́rùn-ún Ọdún, ó sì rán ìparí Ọkọ̀ mọ́ Ìlú Abẹ́ Òkun. Mo gbaná jẹ. “Bàbá, bí ẹ bá lè ka ìwé kan ṣoṣo láyé yín!” Mo tẹ Àǹtí ilé ìkàwé láago, mo ní ṣé ẹnikẹ́ni ti yá Ìlú Abẹ́ Òkun. Ó ní ọmọ kan yá a, ó dá a padà, ó ní ìparí rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an.

Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Ẹ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ìtàn onísáyẹ́ǹsì, yóò ní ewé ti dàrú. Àwọn ọmọ yìí ti mọ́ ọn lára kí òǹkọ̀wé sọ wọ́n sínú ayé àjèjì láìṣàlàyé, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn wá ọ̀nà. Wọ́n wá ọ̀nà yẹn títí wọ́n fi rí i níbi tí kò sí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní, “Ẹ̀rí ti dé. O kò purọ́. Gbé ìwé yìí lọ, kí o jù ú síwájú Lọ́yà yẹn.”

Kàáwò mi orí. “Àǹtí, ìyẹn burú ju irọ́ lọ. Òpùrọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Èmi rí àṣìṣe, mo pè é ní ọgbọ́n. Ta ló tún máa bi mí pé kí lòun máa kà?”

Mo ní kó sọ pé ilé ìtẹ̀wé ló yí ìparí padà, kó sì jẹ́ kí a fi ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Lẹ́yìn náà ló mú ẹ̀dà titun kan, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì ka ìparí tòótọ́, ó kà á tán, ó tún un kà. Oúnjẹ tí mo gbé síwájú rẹ̀ tutù.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjèèjì tẹ̀ lé e. Ọkọ mi wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù wà lápá rẹ̀, ó ti mura láti dìde sọ pé òun lòun jẹ̀bi. Yàrá àwọn ọ̀dọ́ kún, àwọn kan jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn pẹpẹ ìwé. Lọ́yà wà níwájú, ìwé lórí itan rẹ̀, àbúrò rẹ̀ kékeré obìnrin sì jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀. Kí ọkọ mi tó rí ibi dìde, Kàáwò ti dúró.

Ohùn rẹ̀ kéré. “Ìwé tí mo yìn fún yín kò sí,” ó ní. “Bàbá mi ló ń di ìwé. Ó ṣì í rán. Ìparí ìwé mìíràn ni mo kà. Mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n mọ̀, orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ yí padà, mo ṣáà ń wá àwáwí fún un nítorí pé ó dùn mọ́ mi.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin kígbe pé, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un!” Yàrá hó. Mo fẹ́ dìde kí n lé gbogbo wọn síta. Àǹtí ilé ìkàwé gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó bi í pẹ̀lú ìrètí lójú, nítorí pé wọ́n ti ra ìwé náà tán, “Ṣùgbọ́n ìparí tòótọ́ náà dára, àbí?”

Bẹ́ẹ̀ ni kan péré, ọ̀rọ̀ á tán. Èmi fúnra mi ń sọ ọ́ nínú pé, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mà,” Kàáwò ní. “Ó dùn mí. Nínú tiwa, wọ́n jáde. Nínú eléyìí, ó ṣí ilẹ̀kùn, fèrèsé ló bá, ìràwọ̀ nìkan ló wà níta. Ó wá mọ̀ pé òun kò ní rí ilẹ̀ náà láéláé, ọmọ òun náà kò sì ní rí i. Ó lọ pe àwọn ọmọ kéékèèké, ó gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan kí ojú wọn lè dé fèrèsé, ó sọ òótọ́ fún wọn. Ó tán síbẹ̀. Mo bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n jáde.” Ó nu ojú. “Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé òkun yẹn báyìí. Àwọn ọmọ tó ń gbé sókè yẹn, mi ò lè gbàgbé wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìwé tirẹ̀ padà, kó dá a padà.”

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ mi dìde láti sọ tirẹ̀, ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ bíi mélòó kan ti ṣí ìwé wọn, wọ́n ń ka ojú ewé tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò rí ẹni tó dá tirẹ̀ padà.

Nígbà tí wọ́n túká, Lọ́yà kò tẹ̀ lé àwọn yòókù. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó fà á la àárín àga kọjá wá síbi tí Kàáwò wà. Mo ti gbáradì fún un. Bó bá la ẹnu fún èébú kan ṣoṣo, èmi náà kò níí ka ọjọ́ orí mi sí.

Ó ní, “Wo ọmọ yìí. Kì í kàwé. Mo ti fún un ní gbogbo ìwé tí mo ní, ó kọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wa, kì í tilẹ̀ fẹ́ kúrò nílé. Mo fẹ́ kí ìwọ yan ìwé fún un. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì yàn án.”

Kàáwò wo Lọ́yà, bóyá yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga kékeré kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà jókòó, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ohùn tí èmi kò gbọ́. Mo fa ọkọ mi lápá pé kó jẹ́ ká máa lọ sílé, pé ọmọ wa níṣẹ́ tó ń ṣe.